Nítorí Ọ̀wọ̀, Ó Fi Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ sí Láísẹ́ǹsì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní káàdì ìpè sí ìgbéyàwó nílùú Ìkẹ́rẹ́, orúkọ ta ni ẹ máa rí lókè pátápátá? Ṣé orúkọ ẹni tó ra màlúù ni, àbí orúkọ àgbà ilé?

Ẹ ti dáhùn nínú ọkàn yín. Àgbà ilé ni. Ó lè jẹ́ pé bàbá náà kò mú kọ́bọ̀ wá. Ó lè jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló máa ṣáájú, inú gbogbo ẹbí á sì dùn. Kò sí ẹni tó máa rò pé nítorí pé orúkọ bàbá wà lókè, bàbá lè gbé ìyàwó náà fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè kejì le díẹ̀. Bí ẹ bá ra ètò orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń dán ara wọn wò kí ìdánwò tó dé, kí gan-an lẹ rà?

Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní, "Ètò náà ni mo rà." Rárá o. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì ni ín. Ohun tí ẹ rà ni àyè láti lò ó, òun ni wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ó dà bí ìgbà tí ẹ háyà àga. Bí ẹ bá sanwó ogún àga, ogún ènìyàn ló máa jókòó, ẹni kọkànlélógún á wà lórí ìdúró. Ẹnì kan sì wà tó láṣẹ láti sọ fún ẹni tó jókòó pé, "Dìde, jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó." Ẹni yẹn ni ẹni tó ni láísẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ kò bìkítà fún ẹni tó sanwó. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ẹ di ìdáhùn méjèèjì yìí mú. Ibi tí wọ́n ti forí gbárí ni ọkàn Dúpẹ́ Fámúyìwá ti bàjẹ́.

Dúpẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó ṣí yàrá kọ̀ǹpútà kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní ọ̀nà yunifásítì, níbi tí òkè Olósùnta ti ń wo èèyàn látòkè bí olùdarí ìdánwò. Ó pe ibẹ̀ ní Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀la. Ó ra ogún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, ó sì ra àyè ogún nínú ètò ìdánwò kan tó ń jẹ́ Àkọ́yege, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn.

Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni: "Ẹ káàbọ̀ sí Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀la, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì." Dúpẹ́ fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Nígbà mìíràn, ó máa ń tan ẹ̀rọ kan láàárọ̀ láìní ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó kàn lè rí i.

Ọdún yẹn gan-an ni Gbénró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti Èkó dé. Ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé. Gbénró yìí ló rán Dúpẹ́ níwèé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, òun ló ra bàtà tó wọ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ń dun Dúpẹ́ láti máa rí i lórí àpótí níwájú ilé ìyá wọn láti àárọ̀, tí àwọn tó ń lọ sóko ń kí i pé, "Ẹ kú ìsinmi o," tí wọ́n á sì máa wo ara wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún Àkọ́yege, ojú ẹ̀rọ bèèrè pé ta ló ni láísẹ́ǹsì náà. Dúpẹ́ ti fẹ́ tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò dọ̀tí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, orúkọ yín ni ká fi síwájú."

"Orúkọ tèmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo rà á ni?"

"Ta ló rán mi níwèé? Ẹ̀yin ni àgbà ibẹ̀. Èmi á wà lábẹ́ yín, ká jọ máa ṣe é."

Gbénró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú. Ó tẹ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ sí i. Ó yan páásíwọ̀dù tí Dúpẹ́ kò bèèrè. Ta ni yóò bèèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Nígbà tí Caleb, ọkọ Dúpẹ́, gbọ́, ó dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ìyá Ayọ̀mídé, ìwọ tó o máa ń bá àwọn ọmọ wí pé wọn kì í ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn. Kí ni ẹ̀rọ yẹn bi ọ́?"

"Ó bèèrè ẹni tó ni ín."

"Ṣé ó bèèrè àgbà ilé?"

"Bàbá Ayọ̀mídé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó dáa. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Jẹ́ kí n jẹ uṣu mi."

Oyè náà bá Gbénró lára mu. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn wá síbi iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dáírẹ́kítọ̀. Dúpẹ́ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí ó ṣe ń pè é. Kò sí ẹni tó ń kí i ní ẹ kú ìsinmi mọ́.

Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kọ́kọ́ yí padà. Comfort, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá Dúpẹ́ ṣiṣẹ́, tan án láàárọ̀ ọjọ́ kan. Dípò káàbọ̀, ohun tó kọ sójú ni: "Kò sí àyè fún ẹ̀rọ yìí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan."

Gbénró tẹjú mọ́ ọn. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, èkejì tún ṣe bẹ́ẹ̀. "Iná NEPA tó ń ṣẹ́jú yẹn ni." Ẹ̀kẹta. "Dúpẹ́, tòkunbọ̀ lo rà. Ohun tó ti gbó lókè òkun, ṣé ìhín ló ti máa sọ di tuntun?"

Dúpẹ́ pààrọ̀ wáyà. Ó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìyẹn sì tú wọn palẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ kò sọ pé òun ń ṣàìsàn. Ó ní kò sí àyè. Olùkọ́ ìṣirò ni Dúpẹ́, ó mọ̀ pé bí àyè ogún bá dín, àwọn tó dín ti lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fẹ́ ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí ara rẹ̀.

Nígbà tí ó ku ẹ̀rọ méjìlá, Gbénró fa àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Gbogbo nǹkan ló ń tẹ̀."

Dúpẹ́ pe Comfort. "Kí lo ń ṣe sí àwọn ẹ̀rọ yìí?"

"Àǹtí, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ṣé wọ́n á kàn máa dédé kú lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má búra. Lọ sinmi nílé ná."

Comfort bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Gbénró ló mú un. "Ẹ ò rí i?" ló sọ, bó ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò. "Kò lè wo ojú èèyàn."

Ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí nǹkan bàjẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlúmọba fẹ́ kó àwọn ọmọ tó ń lọ kọ ìdánwò ìgbaniwọlé wá ní Sátidé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì máa ti kọ ìdánwò náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti sọ fún Dúpẹ́ lórí fóònù pé, "Màdáàmù, bí wọn ò bá fi ọwọ́ tiwọn tẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀rù ló máa bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀yin nìkan la gbójú lé."

Ní Tọ́sìdeè, Dúpẹ́ lọ kí olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan tó bímọ ní Ìsẹ̀. Bó ṣe ń padà bọ̀, òjò dé. Ó sá sábẹ́ àjà ṣọ́ọ̀bù kan. Nínú ilé, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Ilé kọ̀ǹpútà ni. Ó yọjú.

Ọmọbìnrin kan tan ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀la, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì."

Dúpẹ́ kà á tán, ó tún un kà. Ó wọlé, òjò ń kán lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ kejì, ó wo ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ń kí i káàbọ̀ sí ilé ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn. Ládélé lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ibẹ̀. "Ẹ kú òjò o, mà. Ẹ jókòó, kò sí wàhálà."

"Ẹ ṣeun. Èyí tó wà lójú ẹ̀rọ yín yìí, níbo lẹ ti rí i?"

"Àkọ́yege? Áà, ọ̀dọ̀ Dáírẹ́kítọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni. Èèyàn gidi. Mo kàn bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè yá wa ní àyè kan, wọ́n ní kí n má mikàn. Ọ̀kan di méjì, ó ti di mẹ́jọ báyìí. A sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, wọ́n kì í ni wá lára."

"Dáírẹ́kítọ̀ wo?"

"Ọ̀gbẹ́ni Gbénró Adégòkè." Ó wò ó dáadáa. "Ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin ni màdáàmù tó ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀? Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ ò lọ́lẹ, wọ́n ní àwọn ń gbìyànjú láti fi owó kún owó oṣù yín."

Dúpẹ́ jókòó.

"Mà? Ṣé kí n fún yín lómi?"

Inú takisí tó gbé e padà ló ti pe ilé-iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrice ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù.

"Mà, mo ti rí àkáǹtì náà. Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ló ni ín. Ẹ̀yin, olùlò ni yín."

"Olùlò? Èmi ni mo rà á! Owó mi ni!"

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ sanwó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín nìkan ló lè yọ ẹ̀rọ kan kúrò kó fi òmíràn sí i. Ẹ̀yin lẹ gbà pé orúkọ wọn ni ká kọ."

"Wọ́n ti gbé àyè mi lọ sí Ìsẹ̀."

Beatrice tún àkáǹtì náà wò. "Mà, àdéhùn yín ò fàyè gba kí ó kúrò nínú ilé kan ṣoṣo tí ẹ rà á fún. Bí mo bá kọ ẹ̀sùn yìí sílẹ̀ báyìí, gbogbo ogún àyè la máa tì títí a ó fi wádìí tán. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Dúpẹ́ rántí àwọn ọmọ Ìlúmọba. Ó rántí bàtà kọ́lẹ́ẹ̀jì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Gbénró lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo dé Ìsẹ̀ lánàá."

"O kú ìrìn. Òjò ò pa ọ́?"

"Mo rí orúkọ wa lójú ẹ̀rọ Ládélé."

Gbénró bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Ládélé ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́."

"Ṣé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn?"

"Kí ni kí n sọ? Ẹ̀rọ bèèrè ẹni tó ni ín, o ní èmi ni. Mi ò bẹ̀ ọ́."

"Ọ̀wọ̀ ni mo fi fún yín!"

"Ọ̀wọ̀!" Gbénró dìde. "O gbé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n gbé arúgbó síta kó yáàrùn. Dáírẹ́kítọ̀! Bí mo bá fẹ́ fi owó sórí fóònù, mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Ní Ìsẹ̀, àwọn ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni fún àbúrò mi? Pé ó ti sọ mí di atọrọjẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Dúpẹ́ lára, kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Comfort ńkọ́? Ẹ wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n lé e. Ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbénró yíjú sí títì.

"Àwọn ọmọ Ìlúmọba ń bọ̀ lọ́la," Dúpẹ́ ní. "Ẹ dá àyè mẹ́jọ yẹn padà lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ orúkọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi ẹjọ́ sun Ìbàdàn."

"Wàá fi ẹ̀gbọ́n rẹ sùn fún àjèjì?"

"Mò ń bẹ̀ yín kí n má baà ṣe é ni."

Gbénró mú fóònù rẹ̀, ó lọ. Dúpẹ́ rò pé ó lọ ṣe é ni. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà á rò bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ náà dé. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ̀, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. "Má fọwọ́ kàn án, yóò gbá ọ!" "Ta ló sọ? Ṣé áyọ́ọ̀nù ni?" Dúpẹ́ ní kí wọ́n jókòó. Ó tan ẹ̀rọ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

"Kò sí àyè fún ẹ̀rọ yìí."

"Kò sí àyè fún ẹ̀rọ yìí."

Kì í ṣe mẹ́jọ mọ́. Gbogbo ogún ni. Gbénró ti yọ àwọn méjìlá tó kù.

Ọmọkùnrin kan ní iwájú ka ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbójú sókè. "Mà, ṣé àwa ni kò sí àyè fún?"

Dúpẹ́ pe Gbénró. Fóònù dún títí ó fi kú. Ó tún pè. Wọ́n ti pa á.

Ìtìjú mú un débi pé ògiri ló kọjú sí. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe, ó lè fi ebi ṣàlàyé rẹ̀. Èyí kò ní àlàyé. Gbénró mọ̀ pé àwọn ọmọ ń bọ̀.

Nígbà náà ni Dúpẹ́ ṣe ìṣirò tó ti ń sá fún. Ogún ni mo rà. Ìhín kò ní ọ̀kan. Níbo ni mẹ́jọ wà?

Ó pe Ládélé lórí nọ́ńbà tó gbà ní Ìsẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, Dúpẹ́ ni. Èmi ni mo ra àyè tó wà lórí ẹ̀rọ yín. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni Gbénró."

Ládélé kígbe. "Orí mi o! Mà, mi ò mọ̀. Mo fi ọmọ mi búra, mi ò mọ̀."

"Mo gbà yín gbọ́. Mo ní àwọn ọmọ kan níbí."

"Ẹ máa kó wọn bọ̀. Mo ti ń lé àwọn oníbàárà mi jáde."

Dúpẹ́ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọn ò gba Ìsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ gba ilé Comfort. Ó bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ tó kún fèrèsé bọ́ọ̀sì. Comfort sáré gbé e dìde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

"Àǹtí, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá."

"Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ ò bi mí ni, Àǹtí. Ẹ kàn gbà pé èmi ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ibo là ń lọ?"

Ní Ìsẹ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń wọlé. Comfort ń fi ọwọ́ mú ìka àwọn tó ń bẹ̀rù. Ìgbà tí ọmọ kan kọ́kọ́ rí èsì tirẹ̀, ó kígbe bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Dúpẹ́ dúró lẹ́yìn ní yàrá ẹlòmíì, orúkọ ilé tirẹ̀ ń tàn níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọmọ ìkẹyìn dìde, ó pe Ìbàdàn.

"Beatrice, ẹ kọ ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀ báyìí."

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló máa tì?"

"Mo mọ̀."

"Orúkọ ta ni kí n kọ pé ó gbé e jáde?"

Dúpẹ́ pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán pérépéré, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Wọ́n dúró níbẹ̀, òun àti Comfort àti Ládélé, títí káàbọ̀ yẹn fi parẹ́ lójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá àyè náà padà fún un. Àkọsílẹ̀ báńkì pé àkáǹtì rẹ̀ ni owó náà ti jáde ló gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlúmọba lọ kọ ìdánwò wọn, kò sí ẹni tó bẹ̀rù ẹ̀rọ. Gbénró ti padà sí Èkó, kò dágbére, kò sì tíì pè. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ni wọ́n bá lórí àpótí níwájú ilé ìyá wọn. Ọrùn Comfort ló wà báyìí.

Ní àìpẹ́ yìí, àbúrò wọn kan fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n gbé káàdì wá fún Dúpẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti yọ orúkọ Gbénró. Dúpẹ́ mú báírò, ó kọ ọ́ padà sókè.

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣe?" Caleb bi í.

"Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn yẹ," Dúpẹ́ dáhùn. "Mo mọ ìbéèrè tí káàdì ń bèèrè." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí káàdì náà, wọ́n ní láti tún òmíràn ṣe.

Ó ku iṣẹ́ àṣetiléwá yín. Ohunkóhun tí ẹ bá ń lò lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù fún iṣẹ́ yín, ì báà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí i lónìí. Ẹ wá ibi tó ti sọ ẹni tó ni ín àti fóònù tí wọ́n máa ń pè bí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè kí etí yín gbọ́ ọ. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ má tíì pa ẹ̀rọ náà.